Ẹ Pa Iná Sìgá Yín Kí Ẹ Tó Wọ Igbó

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kéré jù nínú ẹgbẹ́, mo bẹ̀ yín kí ẹ gbà mí láàyè kí n bá ọ̀gá mi kan jiyàn lórí ìwé, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní ìpàdé wa tí ó kọjá há mi lọ́nà ọ̀fun, n kò sì lè gbé e mì.

Ọ̀gá mi yìí dìde, ó sì sọ̀rọ̀ lórí ìgbádùn. Ó ní nínú gbogbo ìgbádùn ayé, kò sí èyí tí ó tó kí ènìyàn jí ní òwúrọ̀ Sátidé nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, kí ó fi kámẹ́rà kọ́ ọrùn, kí ó ṣáná sí sìgá ńlá kan, kí ó sì máa rìn jẹ́jẹ́ nínú igbó, kí ó máa ya àwòrán ewé tútù àti ẹyẹ, kí èéfín sìgá rẹ̀ máa ṣáájú rẹ̀ lọ bí akéde ọba. Ó ní ẹni tí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí kò tíì mọ ohun tí ọlàjú jẹ́. A pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Àní n kò fi mọ sí pípàtẹ́wọ́ nìkan: ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, mo ṣe gan-an bí ó ti wí. Ohun tí ojú mi rí ni ó mú mi kọ ìwé yìí.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú sìgá tí mò ń wí. Ní èdè wa, sìgá ni a ń pe èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi bébà wé. Sìgá náà ni a sì ń pe èyí gbọ̀ǹgbọ̀n tí a fi ewé tábà wé ewé tábà. Èyí gbọ̀ǹgbọ̀n yìí, tí àwọn olówó máa ń fi sẹ́nu nínú àwòrán, ni mo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí fìlà bá bá ẹni tí ń fa tẹ́ẹ́rẹ́ mu, kí ó dé e.

N kò wá láti bú ẹni tí ń rìn. Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni kí ènìyàn máa rìn nínú igbó láìní àdá lọ́wọ́, láìní ìbọn léjìká, láìlọ sí oko, láìwá ewé àgbo. Wọ́n ní ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ni ó ń ya fọ́tò igi. Àwọn wọ̀nyí ṣìnà jìnnà. Ta ni ó kọ́kọ́ wo agbe, àlùkò àti lékeléke títí tí ó fi mọ àwọ̀ ìyẹ́ wọn, tí a fi ń dárúkọ wọn bí a bá ń ṣúre fún ọmọ títí di òní? Ta ni ó dúró ti ẹ̀gà títí tí ó fi mọ̀ pé aláriwo ni? Àwọn bàbá wa ni. Àwọ̀ kan tilẹ̀ wà tí a kò lè pè láìdárúkọ ẹyẹ: elésè àlùkò. Ẹni tí kò bá wo ẹyẹ rí, ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ kò yé òun fúnra rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò bá ọ̀gá mi jà lórí àsìkò tí ó yàn. Ọmọ kíláàsì mi kan sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà "ìgbà ìrúwé" kò wúlò fún wa, pé a kàn ṣe é láti fi túmọ̀ ìwé àwọn òyìnbó ni, nítorí pé òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni a ní. Kí ó jáde síta kí ó wò ó! Ní ìgbà ọyẹ́, àràbà a wọ́wé, ìrókò a wọ́wé, ìyeyè a dúró gbọ́ńgbọ́ń bí igi kíkú. Ṣùgbọ́n bí ó bá di oṣù Kẹta, tí òjò bá ti fọ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ìyeyè kan náà a bẹ̀rẹ̀ sí rúwé, òwú àràbà a máa fò kiri lójú afẹ́fẹ́, lékeléke tí ó wá bá wa lo ẹ̀ẹ̀rùn a sì bẹ̀rẹ̀ sí múra àtipadà sí Òkè Ọya. Bí èyí kì í bá ṣe ìgbà ìrúwé, kí ni? A ní àsìkò náà. Ojú tí a ó fi rí i ni a kò ní.

Ẹ wá gbọ́ ìtàn mi. Mo yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ni ó fún mi ní sìgá, ó yọ ọ́ nínú páálí rẹ̀ bí ẹni yọ ẹyin lábẹ́ adìẹ, ó ní láti Kúbà ni ó ti wá. Mo dé fìlà, mo wọ bàtà tí ó ga, mo sì wọ igbó tí ó wà lẹ́yìn ọgbà wa níhìn-ín ní Ìbàdàn ní agogo méje òwúrọ̀. Mo ṣáná sí sìgá.

N kò ní purọ́ fún yín: ó dùn. Orí mi fúyẹ́, ilẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀, oòrùn ń yọ láàrin ewé, mo sì ń rí ara mi bí ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn inú ìwé. Mo ya ewé, mo ya èèpo igi, mo ya labalábá. Mo tilẹ̀ ya ara mi pẹ̀lú èéfín lẹ́nu. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, mo dé ìdí igi kan tí òdòdó kún orí rẹ̀, òdòdó rírẹwà tí ó rí bí fèrè kékeré, àwọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ elésè àlùkò. Mo ń yà á lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn mi.

Bàbá arúgbó kan ni, tí ó ń ro ẹ̀bá ọ̀nà, tòun ti ọkọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, kámẹ́rà fì sí iwájú, ó gbá mi ní àgbọ̀n. Mo rántí pé sìgá wà lọ́wọ́ mi, mo sì sáré fi í pamọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, Bàbá."

"Kí ni o ń yà lókè yẹn?"

"Igi yìí ni, Bàbá. Òdòdó rẹ̀ ni ó wù mí."

"Ó rẹwà lóòótọ́. Kí ni wọ́n ń pè é?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

"Kí ni o ń kọ́ ní yunifásítì?"

"Èdè ni mò ń kọ́, Bàbá."

"Èdè ta ni?"

"Èdè Faransé, Bàbá, àti Yorùbá."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Bí ó bá rẹ́rìn-ín ni, ìbá dùn mí díẹ̀. Ó kàn sọ pé, "Akòko ni. Ewé rẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ oyè ní ìlú yín." Lẹ́yìn náà ó ní, "Pa iná ẹ̀yìn rẹ yẹn, kí ó má jó ọ." Bẹ́ẹ̀ ni, iná náà sì ti ń jó mi ní ìka.

Nígbà tí mo pa á tán, ó nawọ́ sí ẹ̀ka kan, ó ní, "Àtíòro méjì wà níbẹ̀ láti ìdájí. Bóyá òórùn rẹ ni, bóyá ìró ẹsẹ̀ rẹ ni, n kò mọ̀. Wọ́n ti lọ." Ó sì padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

Akòko! Èmi tí mo ti dúró lójú agbo ní ìlú wa nígbà tí wọ́n ń fi ewé akòko lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lórí ní ọjọ́ tí ó joyè! Èmi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sínú àròkọ lẹ́ẹ̀mẹta, tí olùkọ́ mi sì fi máàkì sí i! Mo mọ akòko nínú ìwé, mo mọ̀ ọ́n lórí olóyè, ṣùgbọ́n nígbà tí akòko fúnra rẹ̀ dúró níwájú mi pẹ̀lú òdòdó, àlejò ni mo jẹ́ fún un. Mo ya àwòrán 64 ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo padà sí yàrá mi tí mo sì fẹ́ kọ orúkọ sí abẹ́ wọn, orúkọ 3 ni mo rí kọ, akòko sì ni ọ̀kan nínú wọn.

Níhìn-ín ni ìjà mi pẹ̀lú ọ̀gá mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo wí pé sìgá náà ni ó fa ìtìjú yìí. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní mò ń fi ẹ̀sùn kan ewé nítorí àìmọ̀kan ara mi. Ẹ fara balẹ̀, kí n ṣàlàyé.

Èkíní, sìgá náà dí mi ní imú. Lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, kò sí ohun tí igbó fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tó òórùn: òórùn ilẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, ti olú tí ń hù lára igi jíjẹrà, ti ewé tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọdẹ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kí ó tó gbé ẹsẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé òórùn òun lè dé ọ̀dọ̀ ẹran kí òun tó dé ibẹ̀. Èmi wọ inú ilé onílé, mo sì gbé iná ṣáájú. Wákàtí kan gbáko tí mo fi rìn, òórùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́, èmi ni mo sì gbé e wá láti ilé.

Èkejì, tí ó sì burú jù, sìgá náà dí mi ní ẹnu. Mo ti kọjá lára Bàbá yẹn nígbà tí mò ń wọlé. Ó wà níbẹ̀, ó ń ro ọ̀nà. Mo mi orí sí i, mo fẹ́ èéfín, mo kọjá. Bí ẹnu mi bá ṣófo ni, ǹ bá kí i, òun ìbá dáhùn, ọ̀rọ̀ ìbá sì fa ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fi sìgá ńlá sẹ́nu ti sọ fún gbogbo ayé pé òun kò fẹ́ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ni, olówó ni, ó ti dé ibi tí ó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá wọ igbó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé àwọn wa tí a bí sí ìlú ńlá kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹnu tí sìgá dí kò lè béèrè orúkọ.

Kámẹ́rà sì ń fi kún àìsàn yìí bí a kò bá ṣọ́ra. Kámẹ́rà a máa jẹ́ kí ènìyàn rò pé òun ti mú ohun tí òun rí. Kò tíì mú un. Àwòrán tí kò ní orúkọ dà bí òkú tí a bá lójú ọ̀nà: a rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ ọmọ ẹni tí í ṣe.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a béèrè ibi tí tábà ti wá, nítorí pé ọ̀gá mi sọ pé ọlàjú ni. Ewé yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ní Kúbà, ní ọdún 1492, ni àwọn ènìyàn Columbus ti rí àwọn onílẹ̀ tí ń fa èéfín rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, tábà di owó tí a fi ń ra ènìyàn. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, wọ́n a ṣa ewé tí kò dára tó láti lọ sí Lisbon sọ́tọ̀, wọ́n a lọ́ ọ bí okùn ńlá, wọ́n a fi oje ìrèké tí ó ki bí oyin pa á lára, wọ́n a fi awọ màlúù dì í, wọ́n a sì kó o wá sí èbúté Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Àwọn tí ń ta ẹrú fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Èyí tí ó kù nínú ọjà wọn ní Europe ni wọ́n fi ra àwọn ènìyàn wa, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Bahia, níbi tí a ti ń pè wọ́n ní Nagô. Ní 1888 ni Brazil tó fòpin sí oko ẹrú, ní 1886 ni ti Kúbà. Èmi kò sọ pé ẹni tí ó bá fa tábà lónìí ti ta ènìyàn. Mo kàn sọ pé, nínú gbogbo ewé tí ó wà láyé, kì í ṣe èyí ni kí ọmọ Yorùbá fi ṣe akéde ọba níwájú ara rẹ̀, kí ó sì pè é ní ọlàjú.

Ẹ̀kẹrin kàn mí nínú ilé. Òkè-Ògùn ni ìdílé wa ti wá, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti gbin tábà fún ọdún púpọ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe sìgá. Bàbá mi àgbà gbìn ín. Ìyá mi àgbà sọ fún mi pé wọ́n a kọ́ ilé alámọ̀ kan, wọ́n a so ewé tábà kọ́ sínú rẹ̀, wọ́n a sì máa dáná sí i láti ìta, kí ooru máa gba inú páìpù wọlé. Tọ̀sán tòru ni iná náà ń jó, bíi ọjọ́ márùn-ún sí méje fún ìkórè kan ṣoṣo. Igi ni a fi ń dá a. Mo bi í pé irú igi wo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ wọn fún mi: ayìn, apá, ẹ̀mì, àti àwọn mìíràn tí n kò gbọ́ rí. Ó mọ orúkọ wọn gbogbo, nítorí pé òun ni ó rù wọ́n láti oko. Mo bi í pé níbo ni mo ti lè lọ ya àwòrán wọn. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, a ti dá wọn tán."

Ẹnì kan lè sọ pé ewé tí a fi ń ṣe sìgá ńlá ti Kúbà kì í ṣe èyí tí a ń fi iná gbẹ, pé afẹ́fẹ́ ni a fi í gbẹ. Òtítọ́ ni, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n èmi kò lè fi èéfín tábà sẹ́nu mọ́, kí n dúró lábẹ́ igi tí ó kù, kí n máa sọ pé mo fẹ́ràn igbó, láìrántí ẹrù igi tí ó wà lórí Ìyá mi àgbà.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi yóò wí. Wọn yóò ní àwọn bàbá wa náà fa tábà. Wọ́n fà á lóòótọ́, pẹ̀lú ìkòkò tábà, wọ́n sì fín áṣáà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí àgbẹ̀ ń fà á: nígbà tí ó bá simi lábẹ́ àtíbàbà, tí iṣẹ́ ti parí, tí ó sì jókòó ti ẹnìkejì rẹ̀ láti bá a sọ̀rọ̀. Ó ti mọ igi oko rẹ̀ tán kí ó tó tan ìkòkò rẹ̀. Àwa tan tiwa kí a tó mọ ẹyọ kan.

Wọn yóò ní àwọn ọmọ Yorùbá ní Kúbà, àwọn Lukumí, a máa fẹ́ èéfín sìgá ńlá fún Ẹlẹ́gbára àti fún Ògún. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tí a jí gbé, tí ó dé ilẹ̀ àjèjì, tí ó sì fi ohun tí ó bá níbẹ̀ bọ òrìṣà baba rẹ̀, ó yẹ kí a kí i. Ó di orúkọ àwọn òrìṣà wa mú láàrin oko ẹrú. Àwa tí a kò kúrò nílé ń jẹ́ kí orúkọ igi ẹ̀yìnkùlé bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ má fi tirẹ̀ bo àṣírí tiwa.

Wọn yóò ní ẹnu tèmi ni, owó tèmi ni. Lórí èyí n kò ní pẹ́. Tábà ń pa ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 7 lọ lọ́dọọdún ní ayé, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ. A kò sì nílò láti gbé èéfín sìgá ńlá mì kí ó tó fa àrùn jẹjẹrẹ sí ẹnu, ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 2015 tilẹ̀ ti fi ààlà sí ibi tí a ti lè fa tábà. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì ṣe ọlọ́pàá. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí, nípa ọ̀rọ̀ sì ni mò ń bẹ̀rù.

Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń bẹ̀rù. Ẹyẹ kan wà tí a kò rí ní ibòmíràn ní gbogbo ayé àfi ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Dúdú ni, ṣùgbọ́n orí akọ rẹ̀ àti àyà rẹ̀ pupa. Ìdílé kan náà ni òun àti ẹ̀gà. Ní 1958 ni Elgood, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀, ó sì fi ìlú Ìbàdàn sọ ọ́ lórúkọ: Malimbus ibadanensis. Ó wà nínú igbó IITA níhìn-ín, ìbẹ̀rù sì wà pé ó lè run. Mo fi àwòrán rẹ̀ han ọmọ ẹgbẹ́ wa mẹ́fà. Ẹnì kan ní ẹyẹ ni. Ẹnì kan ní ẹ̀gà ni, èyí sì ni ó gbìyànjú jù. Ní ọdún 1958 kan náà ni ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí Abraham ṣe jáde, tí orúkọ igi àti ẹyẹ wa kún inú rẹ̀. Ní 1995 ni ìwé ńlá ti Pierre Verger lórí ewé jáde ní Brazil. Àlejò ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò bínú sí wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rìn, wọ́n béèrè, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé àwa ńkọ́, àwa tí a lè kí Bàbá tí ń ro ọ̀nà ní èdè tí ó fi ń lá àlá?

Nítorí náà, èyí ni mo fi síwájú ẹgbẹ́. Kí a máa rìn, gbogbo wa, ní Sátidé kan nínú oṣù láti àkọ́rọ̀ òjò títí di ìgbà ọyẹ́. Kí a mú kámẹ́rà lọ, èyí tí ó wà nínú tẹlifóònù pàápàá tó. Kí a fi sìgá sílẹ̀ nílé. Kí a pe àgbà kan tí ó mọ igbó kí ó ṣáájú wa, kí a má sì ṣe kí i lásán. Kí a fún un ní ohun tí a ó fi ra sìgá. Kí a kọ orúkọ sí abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, àti ìlú ẹni tí ó dá orúkọ náà, nítorí pé igi tí àwọn kan ń pè ní ìyeyè ni àwọn mìíràn ń pè ní òkìkà, a kò sì gbọ́dọ̀ pàdánù èyíkéyìí nínú méjèèjì. Kí a tẹ díẹ̀ nínú wọn sínú ìwé wa yìí.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé kejì mo padà lọ sọ́dọ̀ Bàbá yẹn pẹ̀lú obì àti ẹnu òfìfo. Àwòrán 20 péré ni mo yà ní ọjọ́ náà, nítorí pé orí ìdúró ni a wà jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá mi, orúkọ 17 ni mo rí kọ. Mẹ́ta tí ó kù, Bàbá ní òun náà kò mọ̀ wọ́n, ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tí ń ta ewé lọ́jà yóò mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀ ni a jọ ń lọ. Àwọn àtíòro ńkọ́? Wọ́n wà níbẹ̀, méjèèjì, wọn kò sì lọ títí a fi kúrò.

Ọ̀gá mi, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin ni ẹ rán mi wọ igbó, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n idà ìgbádùn tí ẹ fún mi ní ojú méjì, ojú kan ni mo gbà. Mo gba ìrìn, mo gba kámẹ́rà, mo gba àkọ́rọ̀ òjò. Sìgá yín tí ó kù, ìdajì rẹ̀, wà lórí tábìlì mi nínú bébà. Ẹ wá mú un nígbà tí ó bá wù yín. Bí ẹ bá sì ń bọ̀, ẹ bá mi wo àwòrán kejìlá: ẹ sọ orúkọ igi inú rẹ̀ fún mi.